Bí A Ṣe Ń Ṣe Èèpo Ìwé fún Ìtàn Ìfẹ́ Àtijọ́ tí Ìfura Wà Nínú Rẹ̀

Ẹni tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ èèpo ìwé fún ní láti kọ́kọ́ ka ìwé náà tán, kí ó sì kà á pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé máa ń fi àkópọ̀ ojú ewé kan péré ránṣẹ́, wọ́n á ní kí a fi ìyẹn ṣe é, ṣùgbọ́n àkópọ̀ kì í sọ bóyá òjò ń rọ̀ tàbí ọyẹ́ ń fẹ́, kì í sọ irú aṣọ tí ọmọbìnrin inú ìtàn ró, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àyà rẹ̀ já. Irú nǹkan báwọ̀nyí gan-an ni a fi ń ṣe èèpo ìwé. Bí ẹ bá ti ń kà á lọ, ẹ máa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí ojú lè rí tí ọwọ́ sì lè bà, kí ẹ sì kọ ojú ewé tí ẹ ti rí i sílẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ mi má bàa jẹ́ àfẹnusọ lásán, n ó fi ìwé kan tí mo ṣe èèpo rẹ̀ níhìn-ín ní Kàbà ṣe àpẹẹrẹ. Ìtàn náà ṣẹlẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1897, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ oníṣòwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí George Goldie darí, gbéra láti Lọ́kọjá wá sí Kàbà láti lé àwọn ọmọ ogun Tápà tí wọ́n ti ń yọ ilẹ̀ Ọ̀kun, ìyẹn ilẹ̀ àwa Yorùbá agbègbè Kàbà, lẹ́nu, tí wọ́n sì ń kó wa lẹ́rú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó kọjá lọ bá Bídà, olú ìlú Tápà, jà ní ìparí oṣù kan náà. Nínú ìwé yìí, ọmọbìnrin ahunṣọ kan fẹ́ràn ọ̀dọ́kùnrin kan tí ó ń ru ẹrù fún àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò lè sọ dájú pé kì í ṣe ọ̀dọ́kùnrin yìí ló ń tú àṣírí ìlú fún àwọn Tápà. Ìfẹ́ wà níbẹ̀, ìtàn ìlú wà níbẹ̀, ìfura sì wà níbẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni èèpo náà sì gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí kò tíì ṣí ìwé náà.

Àṣìṣe tí mo sábà máa ń rí ni pé ayàwòrán á pín ojú èèpo sí mẹ́ta: tọkọtaya tí wọ́n dì mọ́ra wọn lókè, ìlú àtijọ́ láàárín, ọ̀bẹ tàbí ìbọn nísàlẹ̀. Èèpo bẹ́ẹ̀ máa ń kún fọ́fọ́, kò sì sí èyí tí ojú á kọ́kọ́ bà lé. Lójú tèmi, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ wá, ohun tí ó jẹ́ ti ìgbà náà, tí ìfẹ́ lè gbà kọjá, tí ìpalára sì lè bá. Bí ẹ bá rí i, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Ohun tí mo rí nínú ìwé tiwa ni àrokò. Àwọn baba wa máa ń fi owó ẹyọ, ìyẹ́, èso àti àwọn nǹkan mìíràn ránṣẹ́ sí ara wọn láìkọ ìwé, ìró orúkọ iye ẹyọ tí wọ́n so pọ̀ sì máa ń di ọ̀rọ̀. Ẹyọ mẹ́fà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, nítorí pé ẹ̀fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Ẹni tí ó bá gbà á tí inú rẹ̀ sì dùn sí i á fi ẹyọ mẹ́jọ dáhùn, nítorí pé ẹ̀jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa jọ ara wọn. Bí wọ́n bá so ẹyọ méjì lójúkojú, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá so wọ́n lẹ́yìn-sẹ́yìn, ìjà dé nìyẹn. Ẹ wo bí èyí ti rọrùn tó fún ayàwòrán: okùn ẹyọ mẹ́fà nínú àtẹ́lẹwọ́ obìnrin, tí márùn-ún kọjú síbì kan, tí ẹ̀kẹfà sì kẹ̀yìn sí wọn. Ìfẹ́ ti wà níbẹ̀, ìgbà àtijọ́ wà níbẹ̀, ẹyọ kan tí ó kẹ̀yìn yẹn sì ti tó láti mú kí ẹni tí ó mọ àrokò béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n náà á rí i pé ọ̀kan nínú wọn kò bá ìyókù mu.

Níbí ni mo ti ṣe àṣìṣe tí ó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù lọ nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí mo gbé orúkọ ìwé lé orí àwòrán náà, ẹsẹ̀ lẹ́tà kan bo ẹyọ kan mọ́lẹ̀, èmi kò sì kà á mọ́, nítorí pé ojú mi ti mọ́ ọn lára. Mo gbé e lọ fún ìyá àgbà kan ní àdúgbò wa kí wọ́n bá mi wò ó. Wọ́n mú un sún mọ́ ojú fèrèsé, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ta ló mú ẹyọ kan kúrò?” Márùn-ún ló kù níbẹ̀. Márùn-ún kì í ṣe ẹ̀fà, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí gbogbo èèpo náà dúró lé lórí ti bọ́ sọnù láì jẹ́ pé mo fura. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí iye rẹ̀ bá ní ìtumọ̀ lórí èèpo tí mo bá ṣe, mo máa ń kà á lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe, mo sì máa ń fi àlàfo tí ó fẹ̀ sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti lẹ́tà. Ẹ tún rántí pé owó ẹyọ tí wọ́n so mọ́ okùn ní láti ní ihò ní ẹ̀yìn, nítorí pé wọ́n máa ń fọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí okùn lè gbà á kọjá. Ẹyọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ dán tí ó sì pé, tí okùn sì lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ẹni pé gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, kò ní tan ẹnikẹ́ni tí ó ti rí owó ẹyọ rí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mú ohun kan náà, ẹ wá yẹ gbogbo ohun tí ó yí i ká wò bóyá ó ti wà ní ọdún tí ìtàn ń sọ. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni ìtàn wa, ìyẹn ni pé ọyẹ́ ni. Nítorí náà, koríko kò gbọdọ̀ tutù yọ̀yọ̀ lórí èèpo náà, ojú ọ̀run kò sì gbọdọ̀ mọ́ kedere. Àwọn òkè àpáta tí ó yí Kàbà ká máa ń di òjìji nínú eruku ọyẹ́, èyí tí ó sún mọ́ni á dúdú, èyí tí ó wà lẹ́yìn á fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí ó jìnnà jù á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́. Ọyẹ́ yìí ṣe mí lóore púpọ̀, nítorí pé ó fún mi ní ibi tí kò ní ohun tí ó pọ̀ nínú, tí lẹ́tà lè jókòó sí, ó sì mú kí ojú máa wá ohun tí ó fara pa mọ́ sẹ́yìn eruku. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya àwòrán òkè bẹ́ẹ̀ lè jí ní ìdájí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tàbí oṣù Èrèlé, kí ó sì dúró sí ojú ọ̀nà Kàbà sí Ògìdì. Bí oòrùn bá ti ga, ẹwà rẹ̀ ti lọ.

Ilé wọn nígbà náà, koríko ni wọ́n fi bò ó, nítorí náà ẹ yọ gbogbo òrùlé páànù kúrò nínú àwòrán tí ẹ bá yà. Ẹ yọ wáyà iná pẹ̀lú. Bí ìtàn yín bá ṣẹlẹ̀ ní Lọ́kọjá ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1900, tí Frederick Lugard kéde ìjọba Àríwá Nàìjíríà níbẹ̀, àsíá Royal Niger Company ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fà sókè. Wọn kò tíì fa àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun tiwa sókè títí di ọdún 1960, síbẹ̀ mo ti rí i lórí àwòrán tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti ìgbà ayé Lugard.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ni kí a dúró lé lórí dáadáa, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn òǹkàwé ilẹ̀ Ọ̀kun ti máa ń mọ̀ bóyá ẹni tí ó ṣe èèpo náà mọ ohun tí ó ń ṣe. Ní agbègbè wa, obìnrin ló ń hun aṣọ lórí òfì tí ó dúró lóòró lára ògiri, aṣọ tí ó bá sì ti ibẹ̀ jáde máa ń fẹ̀. Abala méjì tàbí mẹ́ta ti tó láti so pọ̀ di ìró. Aṣọ tí ọkùnrin ń hun lórí òfì tiwọn ni ó máa ń rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbànú, tí ojú rírán rẹ̀ sì máa ń pọ̀. Bí ẹ bá ya ahunṣọbìnrin ọdún 1897 láti Kàbà, tí ẹ wá fi aṣọ tí ojú rírán rẹ̀ wà ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin-mẹ́rin ró o, aṣọ tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn ni ó ró yẹn, ìtàn náà sì gbọ́dọ̀ sọ bí ó ṣe rí i. Kíjìpá tí a fi aró pa ló yẹ ẹ́ fún ojoojúmọ́. Bákan náà ni gèlè líle tí ó dúró gbọnrangandan bí ìyẹ́ ẹyẹ, ìgbà tiwa ni ó jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo bí àwọn obìnrin ṣe ń hunṣọ lórí òfì yẹn lónìí lè lọ sí Ògìdì ní Ìjùmú, níbi tí Nike Okundaye, ọmọ ìlú náà, ti dá ibi ìhunṣọ sílẹ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ sì gba àyè kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò.

Àwọ̀ pupa ni mo fẹ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe èèpo ìwé ìfẹ́ fẹ́ràn pupa, mo sì mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Bùnú, tí ó jẹ́ ara ilẹ̀ Ọ̀kun, aṣọ ìpò tí ó pupa jẹ́ aṣọ òkú àgbà àti ti egúngún, kì í ṣe aṣọ tí a fi ń ṣe ìyàwó. Ẹ fojú inú wo ìwé tí ọmọ Bùnú kan bá rí lórí àtẹ, tí ọ̀dọ́mọbìnrin ró aṣọ ìpò, tí ó sì ń rẹ́rìn-ín sí olólùfẹ́ rẹ̀. Kò sí ìtàn ìfẹ́ tí ẹni yẹn á rí níbẹ̀. Ilé òfò ni á rí. Òǹkọ̀wé tiwa kọ́kọ́ fẹ́ kí a fi etí aṣọ ìpò sí ìsàlẹ̀ èèpo náà kí ó lè ṣe àmì ikú tí ń bọ̀. Mo ronú sí i fún ọjọ́ mélòó kan, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí a fi í sílẹ̀, nítorí pé kò sí òkú àgbà kankan nínú ìwé náà, aṣọ tí ó ní ọ̀wọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ kí a yá lò lásán. Ó gbà. Dúdú aró, àwọ̀ eérú ọyẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ fìtílà nìkan ni a lò.

Ìmọ́lẹ̀ yẹn ló gbé ìfura. Fìtílà elépo kan péré ni mo gbé sí apá òsì, ó rẹlẹ̀ ju ọwọ́ obìnrin náà lọ, mo sì pa gbogbo ìmọ́lẹ̀ yòókù. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ìsàlẹ̀ wá, òjìji ìka á gun apá lọ, ibi tí ojú ti mọ́ tẹ́lẹ̀ á di àjèjì. Ọwọ́ nìkan ni mo yà, n kò ya ojú. Mo fara mọ́ èyí gidigidi fún irú ìwé báyìí, nítorí pé ojú tí ó hàn gbangba ti sọ fún òǹkàwé bóyá ẹni yẹn jẹ́ ènìyàn rere tàbí burúkú, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí ìwé náà fẹ́ kí ó máa wá nìyẹn. Ẹ yẹ ọwọ́ náà wò kí ẹ tó ya fọ́tò: kò gbọdọ̀ sí ọ̀dà lórí èékánná, kò gbọdọ̀ sí ojú ibi tí aago ti máa ń jókòó. Ahunṣọ ni, ó sì ń pa òwú láró, nítorí náà a fi aró díẹ̀ sí etí èékánná rẹ̀ kí a tó yà á. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n gbà pé obìnrin inú ìtàn náà ni mo ń wò.

Ọ̀dọ́kùnrin náà wà lẹ́yìn, ó kéré, ó ń rin ọ̀nà tí ó lọ sí ìdí òkè, àpótí pákó wà lórí òṣùká rẹ̀. Ọyẹ́ bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè sọ bóyá ó ń lọ ni tàbí ó ń bọ̀. Àlàfo tí ó wà láàárín ọwọ́ obìnrin náà àti ọ̀dọ́kùnrin yìí ló ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Bí ẹ bá fún wọn ní àlàfo púpọ̀ jù, wọ́n á di àjèjì sí ara wọn, bí ó bá sì kéré jù, ìfura á parẹ́. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo sún un síwá sẹ́yìn kí ó tó bọ́ sí i.

Ó kan lẹ́tà, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ tí ó dára ti máa ń bàjẹ́ ní èdè wa. Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà “ẹ” ní àyè tirẹ̀, “ọ” ní tirẹ̀, “ṣ” náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí àyè kan ṣoṣo fún lẹ́tà “ẹ” tí ó ní àmì ohùn lórí. Lẹ́yìn lẹ́tà ni kọ̀ǹpútà ń fi àmì náà kún un. Bí ẹni tí ó ṣe irú lẹ́tà náà kò bá ti fi ibi tí àmì máa jókòó hàn án, àmì á fò lọ sórí lẹ́tà kejì, tàbí kí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí wọn kò pè. Ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà aláràbarà tí a ń lò fún ìwé ìfẹ́ kò lè gbé àmì èdè Yorùbá rárá. Kí ẹ tó fẹ́ràn irú lẹ́tà kankan, ẹ fi í tẹ Ẹ̀fà, Ọ̀ṣọ́, ẹ́, ọ̀, ń àti ǹ, kí ẹ sì sọ ọ́ di ńlá. Gentium, Charis SIL, Andika àti Noto Serif ń gbé gbogbo àmì wa dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Bí òǹkọ̀wé bá fẹ́ lẹ́tà tí ó jọ ìkọ̀wé ọwọ́, ó sàn kí ẹ fọwọ́ ya orúkọ ìwé náà fúnra yín, àmì àti gbogbo rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé àmì ń ba ẹwà èèpo jẹ́, kí ẹ wá yọ ọ́ kúrò. Ọkọ ni ẹni tí ó fẹ́ni sílé, ọkọ́ ni a fi ń ro oko, ọkọ̀ ni a ń wọ̀. Orúkọ ìwé ìfẹ́ tí kò ní àmì lè sọ ọkọ ìyàwó di irin iṣẹ́ àgbẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ fi àyè kún àárín ìlà kan sí èkejì, pàápàá tí ẹ bá lo lẹ́tà ńlá, kí àmì orí ìlà ìsàlẹ̀ má bàa kọlu ẹ̀ka lẹ́tà ìlà òkè. Kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹ sọ gbogbo lẹ́tà di àwòrán, nítorí pé bí kọ̀ǹpútà tiwọn kò bá ní irú lẹ́tà yẹn, á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láìbéèrè.

Ti ìwọ̀n kò gba àlàyé púpọ̀. Ìwé A5 fẹ̀ tó milimítà 148, ó sì ga tó 210. Bí ìwé náà bá ní ojú ewé 240, ewé 120 nìyẹn. Bí ewé kan bá sì nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá milimítà, bí ìwé gíráàmù 80 ṣe sábà máa ń rí, àárín èèpo, níbi tí wọ́n ti lẹ ewé pọ̀, á jẹ́ milimítà 12. Ẹ fi milimítà 3 kún etí kọ̀ọ̀kan kí ọ̀bẹ agéwèé lè rí ibi gé, gbogbo èèpo iwájú, ẹ̀yìn àti àárín á sì di 314 ní fífẹ̀ àti 216 ní gíga. Ẹ béèrè bí ìwé wọn ṣe nípọn tó lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé kí ẹ tó ṣírò. Àwòrán gbọ́dọ̀ jẹ́ 300 píksẹ́lì nínú íńṣì kan. Àwọ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń tẹ̀wé, ìmọ́lẹ̀ mẹ́ta ni fóònù ń lò, dúdú aró sì máa ń di eérú bí ẹ kò bá fúnra yín yí àwọ̀ àwòrán náà padà sí mẹ́rin ti ìtẹ̀wé. Scribus, ètò kọ̀ǹpútà fún títo ojú ìwé, ń ṣe èyí láìgba owó. Fún ìwé orí Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé ti Amazon, èèpo iwájú nìkan ni wọ́n ń béèrè, ìwọ̀n tí Amazon dámọ̀ràn sì jẹ́ píksẹ́lì 2560 ní gíga àti 1600 ní fífẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ sí èèpo ẹ̀yìn, ẹ má ṣe sọ ìparí ìtàn náà. Gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó, kí èyí tí ó kẹ́yìn dúró síbi tí obìnrin náà ka ẹyọ rẹ̀. Ẹ fi àyè funfun sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ISBN, àmì ìdánimọ̀ ìwé onínọ́ńbà mẹ́tàlá, èyí tí National Library of Nigeria ń fúnni.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ dín èèpo náà kù títí yóò fi tó èékánná àtàǹpàkò lórí fóònù, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn á ṣe kọ́kọ́ rí i. Ẹ gbé e fún ọ̀dọ́ kan tí kò mọ àrokò, kí ẹ bi í léèrè irú ìtàn tí ó rò pé ó wà níbẹ̀, láìsọ ohunkóhun fún un ṣáájú. Ẹ gbé e fún àgbà kan tí ó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ilé ìtẹ̀wé tẹ ẹ̀dà ìwé kan péré fún yín, kí ẹ gbé e jáde síta nínú oòrùn ọ̀sán, kí ẹ tún ka owó ẹyọ náà. Bí ó bá pé mẹ́fà, tí ìlà aró etí èékánná obìnrin náà sì ṣì hàn, ẹ fọwọ́ sí i kí wọ́n máa tẹ ìyókù.